Báǹkì, Ẹ Má Gbé Kọ́kọ́rọ́ Wa Sá Lọ!

Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àti ọ̀rọ̀ àṣà ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ìrántí bí èyí. Wọ́n dára, a kò sì kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó la mú wá lọ́dún yìí, nítorí pé ohun tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń fi ojú wa rí nígbà tí a bá rìnrìn àjò lọ sílé ti kúrò ní ohun tí a lè máa fi ẹ̀rín bò.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí Iléyá bá dé, bí Kérésì bá dé, bí òkú àgbà bá sùn nílé, àwa ọmọ Yorùbá Òkè Ọya a di ẹrù, a dojú kọ ọ̀nà. A dé Ìlọrin, a dé Ọ̀fà, a dé Ògbómọ̀ṣọ́, a dé Òṣogbo. A ti káàdì ATM bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀. A lọ sí ẹ̀rọ kejì, ó kọ̀. A lọ bá oní-POS lẹ́bàá ọ̀nà, tirẹ̀ náà kọ̀. Kò pẹ́, fóònù dún: báǹkì ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti di àkántì wa nítorí ààbò wa, kí a jọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀ka wa. Ẹ̀ka wo? Ẹ̀ka tí a ti ṣí àkántì ni o, ní Kano níbí, tí a fi odidi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀ lẹ́yìn.

Kí á tó bínú, ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo. Gbogbo báǹkì ló ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ bí oníbàárà ṣe ń náwó. Ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ìparí oṣù ni owó iṣẹ́ wa ń wọlé. Ó mọ̀ pé Sabon Gari ni a ti máa ń gba owó, ó mọ iye tí a sábà ń gbà, ó mọ àwọn tí a máa ń fi owó ránṣẹ́ sí. Lójijì, láàárín ọjọ́ méjì, ó rí i pé a gba owó ní Kaduna, a gbà ní Lọ́kọ́ja, a fẹ́ gbà ní Ìlọrin ní òru, owó náà sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A tún fi owó ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta tí a kò fi ránṣẹ́ sí rí. Lójú ẹ̀rọ, bí olè tó jí káàdì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: kíákíá ni yóò fẹ́ gbọ́n ọn gbẹ kí olówó tó mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń fura, tó sì ń tì í pa.

A kò dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Olè ń bẹ. Àwọn gbájúẹ̀ ń pè wá lójoojúmọ́ pé báǹkì ni àwọn ti ń pè. Àwọn kan ń dúró nídìí ẹ̀rọ ATM láti pààrọ̀ káàdì mọ́ arúgbó lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń jí fóònù, wọn a sì pa àkántì run kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí owó wa bá lọ tí báǹkì kò fura, àwa náà la ó kọ́kọ́ pariwo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé a ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó wá gbé kọ́kọ́rọ́ sá lọ ni a ń bá wí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Wọ́n pè é láti ilé pé ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìwòsàn ní kí ó san owó sílẹ̀ kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Owó wà ní àkántì, káàdì wà lọ́wọ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó pe nọ́ńbà tí báǹkì ní kí á máa pè. Orin ló ń kọ sí i létí títí owó ìpè fi tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ó kó ara rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka báǹkì kan náà tó wà ní ìlú náà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó sì wí pé, “Ẹ má bínú, Daddy. A rí orúkọ yín, a rí fọ́tò yín, a rí owó yín. Ṣùgbọ́n Kano ni ẹ ti ṣí i. Ẹ ní láti padà sí ẹ̀ka yín kí wọ́n tó lè tú u.” Aládùúgbò kan ló yá a ní owó àjẹmọ́nú tirẹ̀. Ìyá yè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n rí orúkọ, wọ́n rí fọ́tò, wọ́n rí owó. Kí ló wá kù tí wọn kò rí?

Ní ayé ìgbà kan, a kò bá ti bínú. Nígbà tí a ń lo ìwé ìfowópamọ́ pélébé, owó ń gbé ní ẹ̀ka tí fáìlì rẹ̀ wà ni, gbogbo wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2004, CBN, báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kí ó di bílíọ̀nù 25. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, báǹkì 89 ti di 25. Ohun tí wọ́n fi tù wá nínú ni pé báǹkì ńlá yóò ní ẹ̀ka káàkiri, àti pé níbi yòówù kí á wà, oníbàárà kan náà ni a jẹ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí á dín owó tí à ń kó lọ́wọ́ kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní Èkó ní ọdún 2012. Nígbà tó di ọdún 2013, Kano wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A gbọ́, a gba káàdì. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, BVN dé. A tò sórí ìlà, wọ́n tẹ ìka wa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ya àwòrán ojú wa. Wọ́n tún ní kí á mú NIN wá. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 sì ni CBN ti ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí àkántì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Àwọn àgbà wa tí ẹsẹ̀ ń dùn tò sínú oòrùn, wọ́n ṣe é. Kò sí ohun tí wọ́n bi wá nípa ara wa tí a kò sọ.

Bí ìka wa bá wà lọ́wọ́ wọn, tí ojú wa sì wà lọ́wọ́ wọn, kí ló dé tí ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ní kí á fi ìka tẹ ẹ̀rọ kí wọ́n fi mọ̀ pé àwa ni? Ṣé torí kí wọ́n lè dí wa lọ́nà nìkan ni wọ́n ṣe gba ìka wa, tí kì í ṣe torí kí wọ́n lè dá wa mọ̀? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Báǹkì yóò dáhùn pé nítorí ààbò yín ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àti pé irú ààbò yìí gan-an ló ń lé wa sí ọwọ́ olè. Ẹni tí wọ́n ti àkántì rẹ̀ pa lọ́nà àjò, tí ẹni kankan kò gbé ìpè rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà kiri. Ibẹ̀ ni gbájúẹ̀ ń dúró sí. Yóò ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí káàdì yín fún mi, kí n tú u fún yín.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó ti lọ.

Wọn yóò tún wí pé òfin ilé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. A mọ ohun tí à ń pè ní sákúlà. Ènìyàn ló kọ ọ́, ènìyàn ló sì lè tún un kọ. Ní ọ́fíìsì wa, bí ọ̀gá kan bá lọ ìsinmi, ẹlòmíràn a dúró nípò rẹ̀ kí fáìlì má bàa sùn. Bí iṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ayé ń bú pé ó ń falẹ̀ bá lè ṣe èyí, báǹkì tó ń ka èrè rẹ̀ ní bílíọ̀nù bílíọ̀nù kò ní àwáwí.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tiwa náà. Àwọn kan ń sọ ní ìpàdé pé kí olúkúlùkù di owó rẹ̀ mọ́dìí, kí ó sì máa lọ. Ní ojú ọ̀nà wo? Ọ̀nà Birnin Gwari tí àwọn bàbá wa ń gbà já sí Mọ́kwá àti Jẹ́bà, ṣé ẹ ti gbàgbé ìdí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi pa á tì fún ọdún púpọ̀ ni? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna tí àwọn agbébọn kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022? Àwọn mìíràn ní kí á fi káàdì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sọ́wọ́ àbúrò tó wà nílé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, bí owó bá sì lọ, báǹkì yóò ní òun kò mọ̀ sí i. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ wa sílẹ̀ nítorí pé àwọn tó jẹ wá ní i kò fẹ́ san án.

Kí wá ni à ń béèrè? Èkínní, kí ẹ̀ka báǹkì yòówù ní Nàìjíríà lè tú àkántì tí ẹ̀rọ dì nítorí ìfura, bí olówó bá ti fi ìka àti ojú rẹ̀ hàn. Èkejì, kí nọ́ńbà ìpè tó wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí ní ènìyàn nídìí rẹ̀ ní òru àti ní ọjọ́ ọdún, ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Íbò, nítorí ọjọ́ ọdún gan-an ni à ń rìnrìn àjò. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi iye díẹ̀ sílẹ̀ tí olówó lè gbà lójúmọ́, tó tó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń wádìí. Ẹ̀kẹrin, kí fọ́ọ̀mù ìrìn àjò wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń lọ sílé kọ ọjọ́ àti ìlú rẹ̀ sí i, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ṣáájú.

Kí wọ́n tó ṣe é, kí àwa náà múra. Kí a tó kúrò ní Kano, ẹ jẹ́ kí á kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka wa pé a ń rìnrìn àjò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. Kí á rí i dájú pé láìnì fóònù tó wà lọ́wọ́ báǹkì ni èyí tí a ṣì ń lò. Bí agbára bá wà, kí á ní àkántì ní báǹkì méjì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì nìkan ni kí á máa pè, kí a má sì ka nọ́ńbà àṣírí fún ẹ̀dá alààyè kankan, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Bí wọ́n bá sì dì wá, ẹ má ṣe pariwo ní báǹkì kí ẹ sì máa lọ sílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì kò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà. CBN ní ọ́fíìsì ní Kano níbí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní fáìlì, ọ̀rọ̀ tí a kọ ní.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀, a ó dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gbogbo báǹkì tí a ní àkántì sí, kí a sì pe àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní Kaduna, ní Jos àti ní Sókótó láti fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ẹnì kan lè sọnù sínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi owó iṣẹ́ wọn sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù ṣòro láti sọnù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Kí olúkúlùkù tó ti rí irú èyí mú ìwé rẹ̀ wá, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lè kó wọn jọ.

Owó wa ni, iṣẹ́ wa ni, òógùn ojú wa ni. Kí Elédùmarè mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀, kí àwọn tí a fi owó sí lọ́wọ́ má sì jẹ́ kí ojú tì wá nílé bàbá wa. Àmín o.