Ẹni tó ra ẹ̀rọ ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ lórí app yìí pé "tí GPU ẹ bá ti pẹ́, lọ ra tuntun", ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ yín ló fà á tí mo fi ń kọ èyí. A ò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ẹ̀rọ ń gbó. Ohun tí à ń bá jà ni pé ẹ̀rọ ṣì le koko, àmọ́ ẹni tó ṣe é ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó rà á. Thread rèé. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. GPU ló ń bá kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àwòrán, fídíò, géèmù àti AI kíákíá. NPU náà wà, iṣẹ́ AI ni tiẹ̀. Accelerator là ń pe àwọn méjèèjì: wọ́n ń gba ẹrù wúwo lórí CPU kí iṣẹ́ lè yá. Èmi tí mò ń gé fídíò jẹun, GPU ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ á parí kí iná tó lọ.

3/ Ṣùgbọ́n app tẹ́ ẹ fi ń gé fídíò ò lè bá GPU sọ̀rọ̀ tààrà. Kernel ló wà láàárín. Ẹ máa wo kernel bí oníbodè ìlú: ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa gbà. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kernel ni. Òun náà ló wà lábẹ́ Android tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yẹn.

4/ Ní Linux, oníbodè máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ bíi fáìlì. Tó o bá ní káàdì AMD, fáìlì kan wà nínú /sys tó ń jẹ́ power_dpm_force_performance_level. Kọ "low" sí i, káàdì á máa rọra ṣiṣẹ́, bátìrì á pẹ́. Kọ "high", á sáré. Kọ "auto", á máa pinnu fúnra ẹ̀. Ó tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú fáìlì kan.

5/ Ẹni tó ń gbé Ìpetumodù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tó jẹ́ bátìrì díẹ̀ ló kù tó o máa fi parí iṣẹ́ oníbàárà, "low" yẹn lè jẹ́ kó o fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láì wá ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kiri. Kó o lè sọ fún ẹ̀rọ ẹ pé "rọra" tàbí "sáré", kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan. Owó ni.

6/ Ẹ wá wo òdìkejì. NVIDIA ló wà nínú ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ tó ní GPU. Fún ọdún gbọọrọ, driver tí wọ́n ń fún Linux, kò sẹ́ni tó lè ka inú ẹ̀. Ní 2012, ní Aalto University ní Finland, Torvalds na ìka àárín sí NVIDIA ní gbangba, kámẹ́rà ń wò ó. Wọ́n fi ṣe meme. Àmọ́ ohun tó ń bí i nínú kì í ṣe àwàdà.

7/ Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń kọ driver tó ṣí sílẹ̀ fún káàdì NVIDIA, Nouveau lorúkọ ẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń wo ìṣe káàdì, tí wọ́n ń fi ọgbọ́n tú u wò. Nígbà tó di 2014, tí GTX 970 àti 980 jáde, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè firmware tí NVIDIA fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni yí iyára ẹ̀ padà. NVIDIA ò fún Nouveau ní èyí tó ń ṣe ìyẹn.

8/ Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ fi GTX 1050 tàbí 1060 sábẹ́ Nouveau: iyára kékeré tó ń lò nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ibẹ̀ ló há sí. Láti àárọ̀ dalẹ́. Chip wà níbẹ̀, iná ń wọlé, fáànù ń yí. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Wọ́n kàn di oníbodè lẹ́nu ni.

9/ Ẹ máa ní "lo driver NVIDIA fúnra ẹ̀ nígbà náà". Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sáré, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́. Ní 2025, wọ́n kéde pé driver ìlà 580 ni ìkẹyìn tó máa gba Maxwell àti Pascal. Inú Pascal ni GTX 10 wà. Lóòótọ́, ní oṣù karùn-ún 2022 wọ́n gbé kernel module wọn síta kí gbogbo ayé kà á. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n láti Turing ti 2018 síwájú nìkan ni.

10/ Ẹ kà á dáadáa: ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tó ń ra tuntun, ó tì mọ́ ẹni tó ń ra tòkunbọ̀. Ta ló ń ra tòkunbọ̀? Àwa ni. Ìgbà tí wọ́n bá ti lò ó sú lọ́hùn-ún ló ń dé ọwọ́ wa. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ ń sọ pé ó ti tán.

11/ Kò sì pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Radeon HD 7000 ti AMD dé ọjà ní 2012. Ní 2021, AMD ní òun ò ní ṣe driver Windows tuntun fún un mọ́. Ṣé káàdì wá kú? Ní Linux, rárá o. Driver ẹ̀ wà nínú kernel, source ẹ̀ wà níta, ẹni tó bá rí ibi tó ń jò lè dí i. Ilé iṣẹ́ ti lọ, ẹ̀rọ ò lọ. Ohun tí mò ń béèrè gan-an nìyẹn.

12/ Ẹ máa sọ pé àṣírí iṣẹ́ ni, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Ẹ wá sí Ìpetumodù níbí. Ìlú amọ̀kòkò ni wá. Kò sí oníbàárà tó ń béèrè bí ìyá ṣe po amọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kankan tó ta ìkòkò fún ẹ tán, tó tún ń tẹ̀ lé ẹ délé láti sọ iye iná tó o lè dá sábẹ́ ẹ̀. A ò béèrè àwòrán chip. A ní kí wọ́n jẹ́ ká lè dá iná tó wù wá. Intel ṣí driver tiẹ̀, AMD ṣí tiẹ̀, wọ́n ṣì ń tajà.

13/ Ẹlòmíì á ní torí oníjìbìtì ni: wọ́n ń yí firmware káàdì kékeré padà kó lè máa pe ara ẹ̀ ní káàdì ńlá. Òótọ́ ni, ayédèrú wà, ọjà tiwa náà ò sì mọ́ nínú ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fọwọ́ sí orúkọ káàdì kó má lè purọ́ orúkọ. Kí ló kan iyára? Ẹni tó ń lé olè kì í ti onílé mọ́ta.

14/ Èyí tó dùn mí jù ni "ta ló fẹ́ kọ driver ní Nàìjíríà?" GPU Mali ti Arm wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò níbí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alyssa Rosenzweig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jókòó tú u wò, wọ́n kọ driver Panfrost. Ní 2019, ó wọ inú Linux 5.2. Nígbà tó yá, Arm fúnra ẹ̀ wá ń bá wọn ṣe é. Ọ̀dọ́ ló ṣe é o, kì í ṣe iwin.

15/ Ọ̀rọ̀ AI ló wá sọ ọ́ di kánjúkánjú. Ní oṣù kejì 2023, Linux 6.2 jáde pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tuntun fún accelerator AI: /dev/accel. Òfin tí wọ́n ń lò fún GPU tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀: tó o bá fẹ́ kí kernel gba ẹnu ọ̀nà tó o ṣe, software tó máa gbabẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ náà. Oníbodè ò gbọdọ̀ ṣe ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Driver NPU Intel wọlé ní 2023, ti AMD ní 2025. Ó ṣeé ṣe, àbí?

16/ Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n máa ṣe model AI ti Nàìjíríà tó máa gbọ́ èdè wa. Ó dáa. Níbo ló ti máa ṣiṣẹ́? Tó bá jẹ́ server òkèèrè ni, dátà la ó máa jó. Tó bá jẹ́ inú fóònù ìyá aláta lọ́jà ni, ẹni tó ń kọ app Yorùbá gbọ́dọ̀ lè bá NPU inú fóònù yẹn sọ̀rọ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan.

17/ Ìjọba Ọ̀ṣun, ẹ̀yin náà rèé. Ní 2013, ìjọba Aregbesola gbé tablet Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Android ni, Linux ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá tún fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, inú àdéhùn ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́: ẹ kó source kernel àti driver wá pẹ̀lú ẹ̀rọ. GPL ni Linux ń lò. Source ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó gba ẹ̀rọ, kì í ṣe ojúrere.

18/ Àwa oníbàárà ńkọ́? Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kó o tó sanwó laptop tòkunbọ̀, fi Linux inú flash tan án, tẹ lspci, wo GPU tó wà nínú ẹ̀, kó o sì wá a bóyá driver ẹ̀ wà nínú kernel. Owó wa kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ná an síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí.

19/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka kọ̀ǹpútà ní OAU, àti ní Oduduwa University tó wà ní Ìpetumodù níbí: source driver AMD wà níta, ẹ lọ kà á. Ẹ fi ṣe project àṣekágbá. "Library management system" ti tó, ẹ jọ̀ọ́.

20/ Ẹ̀yin influencer, tí wọ́n bá gbé laptop fún yín láti polówó, ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: tẹ́ ẹ bá pa á tì lọ́dún mẹ́wàá sí i, ṣé a ṣì máa lè sọ fún un pé kó sáré? Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ sọ ọ́ fún wa nínú fídíò yín.

21/ Torí tó o bá sanwó ẹ̀rọ tán, tó o ṣì ń tọrọ àyè kó o tó lè yí iyára ẹ̀ padà, o ò tíì rà á. O kàn yá a lò ni. Ẹ RT ẹ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn "lọ ra tuntun".