Ibo Ló Yẹ Kí Páìpù Tọ́bò Já Sí?

Ọkọ̀ onítọ́bò ti pọ̀ nílùú Èkó ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Kì í ṣe tírélà àti táńkà tó ń lọ gbé epo ní dípò Èjìgbò nìkan ló ní in. Audi A4 àti Passat tó jẹ́ tòkunbọ̀ ní in, àwọn kan nínú Ford Escape àti Hyundai Sonata náà ní in. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Òkè-Àfá, ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fẹ́ fi àkókò ṣòfò lé lórí: èéfín tí tọ́bò kò nílò mọ́, ibo ni kó gbà jáde?

Èéfín gbígbóná tó ń ti inú ẹ́ńjìnì bọ̀ ló ń yí tọ́bò. Bí tọ́bò ṣe ń yí ló ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti tó, a gbọ́dọ̀ já díẹ̀ nínú èéfín yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tọ́bò á máa sáré sí i títí á fi ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré tó ń já a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè ní wastegate. Ará Jakande Estate tó ní táǹkì omi lókè ilé mọ irú rẹ̀. Páìpù kan máa ń wà lọ́rùn táǹkì, tí omi tó bá pọ̀jù ń gbà jáde. Kò sẹ́ni tó ń torí pé páìpù yẹn wà bínú. Ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ló ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé gọ́tà ni, àbí ògiri aládùúgbò?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ilé-iṣẹ́ wá, ilẹ̀kùn yìí wà lára tọ́bò gan-an, èéfín tó bá gba ibẹ̀ á tún padà bọ́ sínú páìpù kan náà. Àwọn tó fẹ́ agbára sí i máa ń ra wastegate tó dá dúró, wọ́n á jó o mọ́ ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnì. Ibí ni ọ̀nà ti pín. Ẹnì kan lè fa páìpù rẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ padà sínú páìpù èéfín ńlá, kí gbogbo rẹ̀ jọ gba kátálíìsì tó ń fọ èéfín àti sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á gé e kúrú, á kọjú rẹ̀ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀gbẹ́ táyà, páìpù náà á sì máa ké bí ẹranko.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa ké,” ni oníbàárà á wí. Alájórin á gé irin péńpé, á jó o mọ́ ọn, owó á wọlé. Èyí tó máa padà sínú páìpù ńlá ń fẹ́ wàhálà: kọ́nà páìpù, irin tí kì í dípẹtà, àti páìpù oníṣẹ́po tó lè nà kó sì súnkì, nítorí èéfín ọkọ̀ onípẹtiróò lè gbóná tó 900°C, irin tí kò bá sì ráyè nà á sán níbi tí wọ́n ti jó o. Síbẹ̀, iṣẹ́ onílàágùn yìí ló yẹ ojú títì Òkè-Àfá. Èyí tó ń ké, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún pápá eré ìje.

Ní pápá eré ìje, ó ní ìdí. Páìpù kúkúrú fúyẹ́, èéfín inú rẹ̀ kò dí èyí tó ń ti inú tọ́bò bọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń tú ọkọ̀ náà yẹ̀wò léraléra. Àmọ́ bí alájórin bá mú páìpù tó ń padà dagun, tó so ó pọ̀ ní ibi tó jìnnà díẹ̀ sí tọ́bò, agbára tí ọkọ̀ pàdánù kò tó ohun tí ẹni tó ń ti Ìsọlọ̀ lọ sí Èjìgbò máa mọ̀ lára. Ohun tó ń ba àkóso tọ́bò jẹ́ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń jó wastegate fúnra rẹ̀ dúró ṣánṣán bí òpó, tí èéfín á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìyà síbẹ̀. Iṣẹ́ burúkú ni, ó sì wọ́pọ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn igbe máa ń sọ pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ilẹ̀kùn náà máa ń wà ní pípadé, kí ni wàhálà? Òótọ́ ni, bí ó bá padé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dú máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, irin rẹ̀ á jẹ, á wá máa jò. Bí páìpù rẹ̀ bá já sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bá gíláàsì iwájú ni ihò tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé wà. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Òkè-Àfá, tó ti gíláàsì pa, á kàn rò pé orí fífọ́ Èkó náà ni.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì so mọ́ èyí. Gbogbo onímọ́tò Èkó ló ti gbọ́ “ó ti dí, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́,” bẹ́ẹ̀ ni platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀ ń pe oníbàárà tirẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìdíwọ́ tó wà nínú páìpù èéfín jẹ́ ara ohun tó ń kó tọ́bò níjàánu. Lọ́dún 1962, General Motors gbé ọkọ̀ onítọ́bò méjì jáde. Oldsmobile Jetfire ní wastegate. Chevrolet Corvair Monza Spyder kò ní, bí wọ́n ṣe mú páìpù èéfín rẹ̀ há ni wọ́n fi dá tọ́bò dúró. Ẹni tó bá yọ kátálíìsì àti sàlẹ́ńsà lára tòkunbọ̀ tí ilẹ̀kùn wastegate rẹ̀ kéré, ọ̀nà ti là fún tọ́bò nìyẹn. Ilẹ̀kùn á ṣí tán pátápátá, afẹ́fẹ́ á ṣì máa pọ̀ sí i, epo á máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, písítìn á fọ́. Ọjà Ládípọ̀ ni onítọ̀hún á ti lọ wá ẹ́ńjìnì mìíràn.

Ariwo ńkọ́? Ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkejà, àwọn tó ń sá kó sínú kànáàlì Òkè-Àfá. Lápapọ̀, àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ tó bá ń ké, tó ń yìnbọn pà-pà-pà níbẹ̀ láàárín òru, àwọn tó ṣì rántí ló ń jí. Ti afẹ́fẹ́ sì tún wà níbẹ̀: Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2020 pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa ènìyàn bí 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú títì wà lára àwọn tó ń fa ìdọ̀tí yẹn jù lọ.

Ó ku ti ìjọba. Bí VIO tàbí òṣìṣẹ́ LACVIS, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba Èkó, bá yẹ èéfín ọkọ̀ wò níbi tó dúró sí jẹ́ẹ́, wastegate kò ní ṣí, ọkọ̀ náà á sì yege. Ẹ̀rọ nìkan kò lè mú un. Kí wọ́n ní kí awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé páìpù náà láti ara ẹ́ńjìnì títí dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá padà sínú páìpù ńlá, kí wọ́n má fún ọkọ̀ náà ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ ojú títì títí alájórin á fi so ó padà.