Ẹni tó fi ìbò díẹ̀ borí

Bí olùdíje kan bá fi ìbò díẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn tó dìbò fún ẹnì kejì ṣì wà nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń wò ó bóyá yóò ka àwọn náà séèyàn.

Ẹ rántí ìlú Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993, nígbà tí SDP ń yan olùdíje. Ní ìpele kìíní, MKO Abíọ́lá ní ìbò 3,617, Babagana Kingibe ní 3,255, Atiku Abubakar ní 2,066. Atiku yọwọ́, wọ́n tún ìbò dì. Abíọ́lá ní 2,683, Kingibe ní 2,456. Ìbò 227 péré!

Kingibe ti ṣe alága ẹgbẹ́ náà rí, Abíọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀ ni. Abíọ́lá fi í ṣe igbákejì. Nígbà tó di June 12, ọjọ́ ìbò ààrẹ, SDP borí Bashir Tofa, olùdíje NRC, títí dé Kano tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Tofa gan-an.

Àwọn kan á ní Kingibe náà padà lọ ṣe mínísítà fún Abacha. Òótọ́ ni, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ti wọ́gi lé ìbò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Àjọṣe àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìbò.

Ẹ wá wo PDP ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ Abíọ́lá pè l'Abuja. Bí ìbò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Aminu Tambuwal, tí òun náà ń díje, yọwọ́, ó ní kí àwọn èèyàn òun dìbò fún Atiku. Atiku ní 371, Nyesom Wike ní 237. Lẹ́yìn náà, Iyorchia Ayu, alága ẹgbẹ́, lọ bá Tambuwal, ó dì mọ́ ọn, ó pè é ní akọni ìpàdé náà. Gbogbo ayé rí fídíò rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe rí lára Wike?

Ifeanyi Okowa ni Atiku mú ní igbákejì, kì í ṣe Wike. Gómìnà PDP márùn-ún, Wike àti Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ wà lára wọn, ní kí Ayu fipò sílẹ̀, torí Àríwá ni òun àti olùdíje ti wá. Ayu ò lọ títí ìbò fi dé. L'Ọ́yọ̀ọ́, APC gba ìbò ààrẹ ní oṣù kejì 2023. Ní oṣù kẹta, Mákindé wọlé lábẹ́ PDP kan náà. Ọmọ Yorùbá ni Tinubu, olùdíje APC, ìyẹn wà lára ìdí tí PDP fi pàdánù ìbò ààrẹ níbẹ̀. Àmọ́ bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ gbogbo, mo bẹ̀ yín: kí ìbò abẹ́nú tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fẹnu kò lórí ohun tó máa tọ́ sí ẹni tó bá fìdí rẹmi. Lálẹ́ tí wọ́n bá kéde èsì, ilé onítọ̀hún ni kí olúborí kọ́kọ́ yà, kó tó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ràn án lọ́wọ́.