Kọlẹ́sítíróò Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹni tí ó bá ń wọkọ̀ láti Ṣómólú lọ sí Bàrígà yóò ti gbọ́ ohùn olóògùn inú ọkọ̀: “Èyí yóò fọ kọlẹ́sítíróò dànù pátápátá!” Ohùn wọn a máa dùn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ “pátápátá” yẹn rárá.

Ọ̀rá kan ni kọlẹ́sítíróò. Ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí a jẹ ẹyin, bí a kò jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni a fi kọ́ ara ènìyàn, awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wo epo pupa inú ìgò ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó dì. Bí oòrùn bá mú, a yọ́. Kọlẹ́sítíróò ni kì í jẹ́ kí awọ yìí dì gbagidi, òun náà ni kì í jẹ́ kí ó rọ̀ jù kí ó máa jò.

Kì í ṣe òtútù nìkan ní í mú ọ̀rá dì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ gidigidi, yóò dì pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò nínú ẹ̀rọ: agbára tí ó tó ìlọ́po 1,000 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa ń ṣe awọ ọ̀rá bí ẹni pé òtútù rẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 Celsius pọ̀ sí i. Bí kọlẹ́sítíróò bá pọ̀ tó nínú rẹ̀, kì í dì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ òkun tí ó jìn tó 10,000 mítà ni irú agbára bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ní Bàrígà kò lè bá a pàdé.

Ẹ má ṣe fi í pe ẹ̀jẹ̀ ríru o. 120 tí dókítà ń kà ní apá wa kò ju agbára omi tí ó jìn ní mítà 1.6 lọ, kò lè mú awọ sẹ́ẹ̀lì dì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bàjẹ́. Bí kọlẹ́sítíróò tí a ń pè ní LDL bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà, ibẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń wá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ní ilé ìwòsàn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn tí ń dín in kù, kí ó máa lò ó. Ìgò òróró tí wọ́n kọ “kò ní kọlẹ́sítíróò” sí lára ńkọ́? Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ san owó lé e. Òróró ẹ̀pà àti epo pupa tí à ń rà lọ́jà náà kò ní èyí tí ó tó kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjẹjù epo pupa lè mú kí ti inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.