Ìka Tó Bá Ṣẹ̀ Ni Kí Ọba Gé



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán ní Ìgbẹ́tì, mo bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nítòsí ọjà tí wọ́n ká ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́. Wọ́n ní ó jí ewúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú, ẹnìkan sì ti ń yí táyà bọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tí a jọ kírun tán wà nínú àwọn tó ń lù ú. Àwa àgbà díẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹni tó ni ewúrẹ́ wá bi mí pé: “Ààfáà, bí mo bá tún rí i lójú títì lọ́túnla ńkọ́? Ta ni yóò san ewúrẹ́ mi fún mi?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì náà ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Òótọ́ ni pé ìlú tí kò bá jẹ arúfin níyà kò ní pẹ́ tú. Ìsìláàmù kò ní kí a fọwọ́ pa olè lórí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aláṣẹ ni ìjìyà wà, lẹ́yìn tí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀ níwájú adájọ́. Èrò ọjà kì í ṣe adájọ́. Ẹni tó bá dáná sun olè, apànìyàn ni lójú òfin Nàìjíríà.

Ní ayé Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, obìnrin kan láti ìdílé Makhzum, ìdílé ọlọ́lá ní Mẹ́kà, jalè. Wọ́n rán Usamah, ọmọ Zayd, kí ó lọ bẹ̀bẹ̀. Inú bí Ànábì. Ó ní ohun tó pa àwọn ará ìṣáájú run ni pé wọ́n ń fi ọlọ́lá sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ aláìní níyà. Fátímọ̀ ọmọ òun pàápàá, òun kò ní dá a sí. Ní ọdún ìyàn ayé Kálífà Umar ẹ̀wẹ̀, ó dá ìjìyà ọwọ́ gígé dúró nítorí ebi. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò takora: ìjìyà kò gbọdọ̀ wo ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ wo ọ̀ràn.

Níbo wá ni ìṣòro tiwa wà? Ẹ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ènìyàn 907 ni ó wà níbẹ̀. Àwọn 64 péré ni adájọ́ ti dá lẹ́bi. Àwọn yòókù ń dúró de ìdájọ́. Àwọn tó ń dúró wọ̀nyí ni ó jáde lọ, ó lé ní 800. Olè gidi lè wà nínú wọn, aláìṣẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Àtìmọ́lé tí kò ní ìdájọ́ nínú kì í ba olè lẹ́rù, kì í sì í tu ẹni tí wọ́n jà lólè nínú.

Nítorí náà, kì í ṣe líle ìjìyà ni ó ń mú ìlú tòrò, bí kò ṣe dídájú rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2016, fún adájọ́ láyè láti pàṣẹ pé kí ọ̀daràn san ohun tí ẹlòmíràn pàdánù. Kí olówó ewúrẹ́ yọjú sí kóòtù, kí ó jẹ́rìí, kí ó sì bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àwa àgbà ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ Usamah ni à ń bẹ̀ lójoojúmọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi náà ti bẹ̀ ẹ́ rí, nítorí ọmọ ìbátan mi kan. Wọ́n fi í sílẹ̀, ẹni tó jí lólè kò sì gba kọ́bọ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti máa yí táyà.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni kí ọba gé: kì í ṣe ìka ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe orí. Kí Ọlọ́run fi wá mọ̀nà. Àmín.