Ohun Tí Ojú Rẹ Rí Ni Kí O Kọ

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan pásítọ̀ nínú ásíìdì. Ó kàn wá, nítorí ibẹ̀ ni ìwà àwọn ọmọ wa ti ń hàn.

Ẹ wo ọmọ SS3 nídìí bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fàlà sí lára tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Yóò jẹ́ kí ásíìdì náà máa kán sínú ìgò tó wà nísàlẹ̀ títí àwọ̀ omi ibẹ̀ yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Bí ó bá kánjú, ẹ̀kán kan péré ti bà á jẹ́. Àfi kí ó dà á nù, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń wò ó láti òkè, òǹkà rẹ̀ yóò ṣì. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba títí ojú rẹ̀ yóò fi bá omi náà dọ́gba. (Gíláàsì lásán ń kọ́ni ní ìrẹ̀lẹ̀!)

Ó kọ́kọ́ rí 24.30. Ó tún un ṣe, ó rí 24.90, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 lọ yàtọ̀ síra. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ṣé kí ó fi bíírò sọ 24.90 di 24.40 ni, àbí kí ó tún bẹ̀rẹ̀?

Nínú práktíkà WAEC, tíṣà pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ kan náà, èsì tirẹ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ti àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń jí èsì tíṣà pín. Àwọn òbí ló ń dá owó rẹ̀, títí kan àwọn tí Halelúyà wọn ń mi òrùlé.

Ẹ rántí omi oògùn "My Pikin" tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Láàrin ọdún 2008 sí 2009, ó ju 80 ọmọ lọ tó bá a lọ ní Nàìjíríà, nítorí diethylene glycol, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ èròjà náà wò dáadáa kí wọ́n tó pò ó, wọn ìbá ti rí i. Irú ọmọ tó ń fi bíírò tún òǹkà ṣe lónìí ni a ó fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ lọ́la.

Bàbá, ìyá, bí ọmọ bá ti práktíkà dé, ẹ má bi í pé, "Ṣé o gbà á?" Ẹ bi í pé, "Kí lo rí?" Ẹ̀yin tíṣà sáyẹ́ǹsì tó wà láàrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó bá fi 24.90 rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí i, tó sì tún iṣẹ́ ṣe, ẹ fún un ní máàkì lójú gbogbo kíláàsì.