ÌWÉ YORÙBÁ WO NI KÍ N KÀ? ÈRÒ LÓRÍ YÍYAN ÌWÉ FÚN OLÚKÚLÙKÙ ÒǸKÀWÉ

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni mo rántí ní ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, òun sì fẹ́ kí n bá òun wá ìwé Yorùbá kan tí yóò pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni olùkọ́ Yorùbá. Ìwé wo ni kí n fún un?" Ojú tì mí pé n kò rí ìdáhùn fún un lójú ẹsẹ̀. Mo lè ka orúkọ gbogbo ìwé tí a ń lò fún ìdánwò láìwo ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò kà tí inú rẹ̀ yóò dùn kò wá sí mi lọ́kàn.

Ìbéèrè yẹn ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Èrò tèmi ni pé ìwé Yorùbá kò wọ́n tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò mú ìwé tí ó yẹ lé ọwọ́ òǹkàwé tí ó yẹ. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ sì ni.

Ẹ̀bi tiwa níbẹ̀

A ti sọ ìwé lítíréṣọ̀ di oúnjẹ ìdánwò. Fún ọdún pípẹ́ ni èmi pàápàá máa ń kọ àkójá ìtàn sí ojú pátákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, wọn yóò há a sórí, wọn yóò sì yege. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba máàkì tí ó ga jù lọ sọ fún mi láìfi bò pé òun kò fọwọ́ kan ìwé ìtàn àròsọ náà rí. Ó bi mí pé, "Ṣé dandan ni, sà?" Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé ni mo wá mọ̀ pé ara mi ni ó yẹ kí n bínú sí, nítorí pé kò sí ohun kankan nínú ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ tí ó mú kí ó di dandan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré lákòókò yìí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ti pa ìlànà náà tì, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ń retí kí ìjọba bá òun tọ́jú èdè Yorùbá ti rí ìdáhùn. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni ìwé tí ènìyàn kà nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, nílé, lórí ibùsùn, láìsí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun kò lè parí ìwé Yorùbá kankan, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní ọdún 1969, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú fún un. Lápàdé, ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí òǹkàwé sùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kún fún òwe àti ẹ̀fẹ̀, àwọn ọ̀daràn tí ó ń dojú kọ kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá gbádùn rẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ wá Àgbàlagbà Akàn (1971) kiri.

Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìwádìí wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó wù ú, tí ó fẹ́ máa fi ọgbọ́n orí tọ ipasẹ̀ apànìyàn, Kọ́lá Akínlàdé ni kí ó lọ bá. Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Gbin'gi Oró? dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ṣòro láti rí: agbára àti àrékérekè ni Lápàdé gbójú lé, ṣùgbọ́n ìbéèrè àti àkíyèsí ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akínlàdé gbójú lé. Èdè Akínlàdé rọrùn ju ti Òkédìjí lọ, nítorí náà òun ni mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kíkà Yorùbá ṣì ń nira fún.

Fún ọ̀dọ́ àti fún òṣìṣẹ́

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974) ni ìwé àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn ni, ọ̀rọ̀ Àjàní tí kò mọ èyí tí yóò fẹ́ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó yí i ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wo fíìmù rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe, wọ́n sì rò pé àwọn ti mọ ìtàn náà tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà, wọn yóò rí i pé èrò inú Àjàní, tí ó jẹ́ ọkàn ìtàn náà, inú ìwé ni ó wà.

Òbí tí ó ní ọmọkùnrin tí ó ń dàgbà, kí òun àti ọmọ náà jọ ka Atótó Arére (1981), èyí tí Òkédìjí fi ṣàfihàn bí ọmọ ṣe ń ti ibi díẹ̀díẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìwà ọ̀daràn. Kì í ṣe ìwé ọmọdé o. Ìwà ipá pọ̀ nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun ni mo sì máa ń fún ní eré-onítàn Rẹ́rẹ́ Rún (1973), tí ó sọ nípa ìjà àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí mo yá ní ìwé náà kò dá a padà fún mi títí di òní. N kò bínú.

Fún olùfẹ́ ìtàn ìlú

Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí (1972) yóò tẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìṣèlú lọ́rùn. Agbára tí Gáà fi jọba lórí àwọn ọba ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774, kò jìnnà sí ohun tí à ń rí lónìí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé eré ni wọ́n ń kà. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbà pé Ìyálóde Ìbàdàn náà, tí ó kú ní ọdún 1874, kì í ṣe ìkà lásán bí eré náà ṣe gbé e kalẹ̀. Ìwé tí ó lè dá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì ni mo fẹ́.

Fún ọmọdé àti ẹni tí ó wà lókè òkun

Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọ́lá ṣe kò ní ẹlẹgbẹ́ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tí a ń jù sílẹ̀ fún ọmọ kí ó dá kà. Àgbàlagbà ni kí ó kà á sókè, kí ó dá orin rẹ̀, kí ọmọ gbè é. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ ìwé kà fúnra rẹ̀, Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ṣì wà ní ọjà. Láti ibẹ̀, ó lè bọ́ sí Kúyẹ̀ (1964), ìtàn ọmọ òrukàn kan, láti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan náà. Ogún Ọmọdé ti Ìṣọ̀lá, tí ó sọ nípa ìgbà èwe ní abúlé, dára fún ọmọ tí ó ti tó ọdún méjìlá àti fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí ó wà lókè òkun, tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kí ó wá ìwé tí ó lè fi èdè méjèèjì kà. Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣọ̀lá ti sọ ọ́ di Yorùbá. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí Isaac Thomas kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929 sí 1930, Karin Barber tún un tẹ̀ ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ pé fóònù ni ó fi ń kàwé, kí ó wá àwọn iṣẹ́ ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ewì àti ìtàn kúkúrú láti ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé ìwòyí wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa Fágúnwà

Ibí yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ti bá mi jà. Mo gbà pé D. O. Fágúnwà ni baba fún gbogbo wa, mo sì ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) lọ́dọọdún. Síbẹ̀, kì í ṣe òun ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọmọ ìlú ńlá tí a bá sì kọ́kọ́ fi í dẹ́rù bà lè má padà sí ìdí ìwé Yorùbá mọ́. A kì í fi iyán lé ọmọ tí kò tíì já ẹnu lọ́mú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí Lápàdé àti Ìjàpá la ọ̀nà sílẹ̀, Akárá-ògùn yóò wá bá wọn níwájú.

Àwọn mìíràn lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí mo dárúkọ ni ó ti pẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbó lójú ẹni tí kò tíì kà á rí. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni pé ìwé tuntun kò pọ̀ tó, òǹtẹ̀wé kò sì ní tẹ ohun tí kò rí olùrà. Bí a kò bá ka ti àná, ta ni yóò kọ ti ọ̀la?

Ìkádìí

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ka ìwé àkàgbádùn mẹ́ta kí ó tó jáde, yàtọ̀ sí àṣàyàn ìwé ìdánwò, kí a má sì ṣe gba máàkì kankan lé e. Èkejì, kí ẹni tí ó ń lọ fún ìfidánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mú ìwé kan dání, kí ó máa ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì dúró níbi tí ó bá ti dùn jù. Ẹ̀kẹta, kí jọ́nà yìí ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kà àti irú ẹni tí yóò bá lára mu.

Ní ti àbúrò mi, ìwé Àlọ́ Ìjàpá ni mo padà fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ń ka ọ̀kan fún ọmọ náà ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ó tún pè mí, ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yékéyéké: "Bọ̀dá àgbà, Ìjàpá tún wá ṣe kí ni?"